Ẹ́ńjìnnì ń kú láàárín ọ̀sà, àmọ́ tí mo bá ṣí ìdérí táǹkì ó tún ń ṣiṣẹ́

Awakọ̀_Ìpakodò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi ṣọ̀nà. Mo ní ọkọ̀ onífáíbà kékeré kan tí mo fi ń kó èrò àti ẹrù ní apá Ìkòròdú. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 oní-2-stroke ló wà lẹ́yìn rẹ̀, táǹkì oníke pupa, lítà 24, ló sì ń fún un lépo. Láàárọ̀, ó máa ń dáná dáadáa, á gbéra, á sáré. Tá a bá ti rìn jìnnà díẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á máa wúkọ́, á sì kú. Mo wá ṣàkíyèsí pé pọ́ǹpù ọwọ́, rọ́bà roboto tó wà lára họ́ọ̀sì yẹn, á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí mo bá ṣí ìdérí táǹkì, atẹ́gùn á wọlé “ṣììì”, tí mo bá tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tí mo fa ẹ́ńjìnnì, ó gbà nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó wà ní èbúté wa ní kí n ra pọ́ǹpù epo tuntun, kí òun sì fọ kabúrétọ̀. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n kàn máa ṣí ìdérí sílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Owó pọ́ǹpù kì í ṣe kékeré, ẹ̀rù sì máa ń ba èrò gan-an tó bá kú nítòsí àwọn òpó afárá tí omi ń gbé wa lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Mẹkáníìkì_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù o. “Ṣììì” tí ẹ gbọ́ yẹn ti sọ ibi tí àìsàn wà. Táǹkì yín kò rí èémí mí.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa epo jáde, ó yẹ kí atẹ́gùn máa wọlé wá gba àyè epo tó jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, táǹkì á máa fa epo padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, pọ́ǹpù kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì kò sì ní agbára tó lè fi bá a jà. Pọ́ǹpù ọwọ́ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ṣe ń tẹ́. Nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wo ara táǹkì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọnú.

Ohun kan wà tó máa ń rú ọ̀pọ̀ awakọ̀ lójú. Wọ́n á ní, “Tí táǹkì bá kún, ó ń kú. Tó bá ti dé ìdajì, ó ń lọ dáadáa.” Wọ́n á wá máa sá fún kíkún táǹkì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Tí táǹkì bá kún, atẹ́gùn díẹ̀ ló wà lókè epo. Ká ní lítà 1 péré ló ṣófo, tí ihò èémí sì dí, kí lítà 1 epo tó lè jáde, atẹ́gùn yẹn gbọ́dọ̀ nà di ìlọ́po 2. Ẹ́ńjìnnì á ti kú kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lítà 12 ló ṣófo, lítà 1 tó jáde kò lè ni atẹ́gùn lára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò dídí fi máa ń tètè hàn nígbà tí táǹkì kún, àti nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn, torí 40 oní-2-stroke lè mu ju lítà 15 lọ ní wákàtí kan tí iná bá kún.

Súkúrù kékeré tó wà lórí ìdérí ni ihò èémí náà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti dé e pa. Tó bá ṣí sílẹ̀ tí wàhálà ṣì wà, ẹ yọ ìdérí, ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀, ẹ tú súkúrù náà pátápátá. Iyọ̀, iyanrìn àti òróró 2T (èyí tí a ń pò mọ́ epo) tó ti gan ló máa ń dí i. Omi ọṣẹ tó gbóná ti tó láti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi ẹnu fẹ́ ẹ láti abẹ́. Tí atẹ́gùn bá kọjá wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà.

Ẹ sì máa fi ọwọ́ kan pọ́ǹpù ọwọ́ yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe ségesège. Tó bá tẹ́, ìṣòro wà láàárín òun àti táǹkì: ihò èémí, asẹ́ tó wà nídìí páìpù inú táǹkì, tàbí họ́ọ̀sì tó ká lábẹ́ ẹrù. Tó bá le gbagidi tí ẹ́ńjìnnì sì ń wá epo, ẹ lọ wo iwájú, ìyẹn asẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù epo, kabúrétọ̀. Tó bá rọ̀, tí kì í le bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, atẹ́gùn ń wọlé lẹ́nu ibi tí wọ́n ti so họ́ọ̀sì, tàbí kí fáàfù inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù láìfọwọ́ kan rọ́bà yẹn kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Àgbádárìgì

Ọmọ mi, yí ìdérí yẹn padà kí o wo abẹ́ rẹ̀. Èmi kì í wa ọkọ̀, àwọn ọmọ ló ń bá mi wà á, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ra epo, èmi ni mo sì ń sanwó mẹkáníìkì. Àwọn tó ń bá wa gbé táǹkì máa ń gé ọ̀rá pure water, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́nu táǹkì kí wọ́n tó dé e, kí epo má baà ta sílẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń fò lórí ìgbì. Ọ̀rá yẹn á bo gbogbo ẹnu táǹkì. O lè ṣí súkúrù òkè títí di ọ̀la, atẹ́gùn kankan kò ní wọlé.

Ohun tó ń mú kí wọ́n máa lo ọ̀rá ni pé rọ́bà roboto tó wà nínú ìdérí ti gbó tàbí ó ti sọnù. Rọ́bà yẹn ni kí o ra. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ dí i fún ọ. Ọṣẹ á máa jábọ́ wẹ́wẹ́ sínú epo, asẹ́ lá lọ dí.

Ọmọ_Ìlàjẹ

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Lọ́dọ̀ tiwa ní Igbókọ̀dá àti lójú ọ̀nà Àyétòrò, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tàbí 50 ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò táǹkì. Wọ́n á lu ihò sí ìdérí, wọ́n á ki họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, wọ́n á fi rọ́bà dì í pinpin. Ọ̀nà tí epo á gbà jáde wà, ọ̀nà tí atẹ́gùn á gbà wọlé kò sí. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú, wọ́n á tú ìdérí, á tún ṣiṣẹ́. Àwọn kan ti sọ ọ́ di bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká táǹkì gidi, ihò méjì ni kó wà lórí ìdérí. Ìdérí nìkan ni kó gbé lọ sílé, kó ti fọ̀ ọ́ kí epo tán lára rẹ̀, kó fi dírììlì ọwọ́ lu ihò kejì. Kó fi ẹnu idẹ kékeré sí i, irú èyí tí họ́ọ̀sì lè wọ̀ sórí rẹ̀, kó dì í pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà lókè àti nísàlẹ̀. Kó wá so họ́ọ̀sì epo mọ́ ọn, kó gbé e ga, kó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ kí omi òjò àti ìgbì má lè wọlé, kí ẹnu rẹ̀ sì wà níta ọkọ̀.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀pẹ́

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí bí ihò ṣe yẹ kó rí, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ kẹ́ẹ̀gì rárá, ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró kò nípọn tó, oòrùn á máa jẹ ẹ́, á sán lójú ibi tó ti ká, kò sì sí ohun tó dì í mú nínú ọkọ̀. Mo ti rí èyí tó dà lé ẹsẹ̀ èrò. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ èrò, kó ra táǹkì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, kó so ó mọ́lẹ̀.

Ohun kejì: mo mọ àwọn tó ń fi ìṣó gbígbóná lu ihò. Ẹ dákun, ẹ má gbé ohun tó gbóná sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì tàbí ìdérí tó ti gba pẹtiróòlù rí. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí gáàsì ló kún inú rẹ̀.

Ọmọ_Tàkwá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Kí ló burú nínú kí èèyàn ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀ bí awakọ̀ yẹn ṣe wí? Gbogbo wa la ń ṣe é.

Bàbá_Olómi

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ tọkàntọkàn, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Gáàsì tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po 3 sí 4. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Á ṣàn wá sílẹ̀ ni, á lọ dùbúlẹ̀ sínú ìkùn ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí èrò ń tẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Tó bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tó wà níbẹ̀, títí dé 7.6, ó ti ṣetán láti gbaná. Ó wá ku ohun tó máa ṣá iná sí i: ẹnu wáyà bátìrì tó dẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, sìgá ẹnì kan. Nínú ọkọ̀ orí ilẹ̀, o lè bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sà, ibo lo fẹ́ bẹ́ sí pẹ̀lú obìnrin tó gbé ọmọ dání?

Yàtọ̀ sí iná, omi ìgbì á máa ta sínú táǹkì. Omi máa ń lọ sísàlẹ̀ epo, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹnu páìpù tó ń fa epo wà. Ìdérí á sì máa jò bí ọkọ̀ ṣe ń jó lórí omi, epo á dà sílẹ̀. Súkúrù èémí kéré nítorí pé atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ ni táǹkì nílò. Òun nìkan ni kí o ṣí. Kí ìdérí wà ní dídé.

Nígbà tí a bá sì ń rọ epo, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí a gbé táǹkì bọ́ sórí èbúté. A kì í rọ epo sí i nínú ọkọ̀. Kí a má sì kún un dé ẹnu. Tí ooru bá fi 10°C lé sí i, pẹtiróòlù máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní lítà 24, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà kan, gáàsì tó wà lókè rẹ̀ á sì tún máa tì í. Ẹ fi àyè lítà 1 tàbí 2 sílẹ̀.

Awakọ̀_Ìpakodò

Ẹ kú àdúrótì o. Ọ̀rọ̀ Ìyá ṣẹ. Ọ̀rá wà lábẹ́ ìdérí lóòótọ́, ọmọ tó ń bá mi dè ọkọ̀ ló fi síbẹ̀, iyọ̀ sì ti dí ihò súkúrù. Mo ti ra rọ́bà ìdérí tuntun, mo fọ súkúrù, ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́. Ohun tó kù ni pé tí mo bá tẹ iná dé òpin, pọ́ǹpù ọwọ́ ṣì ń fún mọ́ra díẹ̀. Kì í tẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo tún fẹ́ béèrè: ìgbà wo ni kí n máa dé súkúrù yẹn? Àwọn kan ní kí n má dé e láé.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀pẹ́

A dúpẹ́. Fún àyẹ̀wò nìkan, ẹ ṣì tú ìdérí lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá tẹ iná dé òpin, kí ẹ sì dé e padà. Tí pọ́ǹpù ọwọ́ bá wú padà, a jẹ́ pé ihò kò tíì mọ́ tán. Tí kò bá yí padà, ẹ fi ihò èémí sílẹ̀. Ẹ yọ páìpù inú táǹkì kí ẹ wo asẹ́ nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó ti pẹ́ máa ń bó nínú, awọ inú rẹ̀ á sì máa pa dé nígbà tí epo bá ń sáré, bẹ́ẹ̀ ìta rẹ̀ á máa dán. Ẹ yá họ́ọ̀sì àti táǹkì ẹlòmíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jọ tiyín, ẹ so ó mọ́ tiyín, ẹ sáré díẹ̀. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ táǹkì ni àbí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá ń dá a padà, kí ọfà tó wà lára pọ́ǹpù ọwọ́ kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

Ti súkúrù: ẹ ṣí i kí ẹ tó dáná, kó sì wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá dé èbúté tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ yọ họ́ọ̀sì kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá dé súkúrù. Ẹ má dé súkúrù sílẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú họ́ọ̀sì lára ẹ́ńjìnnì. Táǹkì á wú, á ti epo gba inú họ́ọ̀sì kọjá abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀, epo á kún ẹ́ńjìnnì tàbí kó máa jò sínú omi.

Ẹ̀gbọ́n_Houston

Ẹ kú àárọ̀ láti Texas. Ẹ jẹ́ kí n fi ti táǹkì ìgbàlódé kún un, bóyá ẹ ó rí irú rẹ̀ lára tòkunbọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí táǹkì ọkọ̀ ojú omi tí a ń gbé kiri máa pa gáàsì mọ́ra títí agbára inú rẹ̀ á fi dé 5 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan). Atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí epo ṣe ń jáde, ṣùgbọ́n gáàsì kì í jáde. Nítorí náà, á wú nínú oòrùn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kí ẹ tó so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ rọra tú ìdérí kí agbára yẹn jáde, ẹ tún un dé, kí ẹ wá so ó. Àwọn kan ń lu ihò sí i kó má baà wú mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Ọkọ̀ tiwa níbí, lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní táǹkì tí wọ́n kọ́ mọ́ inú rẹ̀, kò ní súkúrù kankan lórí ìdérí. Tí a bá ń rọ epo sí i, epo máa ń tu padà sí wa lójú bó tilẹ̀ jẹ́ pé táǹkì kò tíì kún. A sì máa ń rí omi nínú asẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ìgbì bá pọ̀. Ṣé àìsàn kan náà ni?

Ẹ̀gbọ́n_Houston

Àìsàn kan náà ni, àbúrò. Irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ni mo ní nínú ọkọ̀ tí mo fi ń pẹja ní Galveston Bay. Họ́ọ̀sì kan gbéra láti orí táǹkì lọ sí ẹnu kékeré kan lára ògiri ọkọ̀ níta. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Tí ẹ bá ń rọ epo, atẹ́gùn tí epo ń lé kúrò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde. Tí kò bá ríbi gbà, ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé náà lòun náà á gbà jáde, epo á sì bá a tú jáde.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ìta yẹn. Nẹ́ẹ̀tì wáyà kékeré kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀, iyọ̀ àti ìdọ̀tí á dí i. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ihò bẹ́ẹ̀ gan-an, pàápàá tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín fa amọ̀ náà síta. Ẹ má tì í wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ họ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù nìyí, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Kí họ́ọ̀sì máa gòkè láti orí táǹkì lọ tààrà. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbì kan tó wá tún gòkè, epo tó ta wọ inú rẹ̀ á dúró síbi tó sọ̀ yẹn, á sì dí i, bẹ́ẹ̀ họ́ọ̀sì mọ́, ẹnu ìta náà mọ́. Ẹ so ó mọ́ ara ògiri pẹ̀lú kílíìpù kó má lè rọ̀ mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún pẹtiróòlù nínú ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ rà, èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó 5/8 ínǹṣì nínú, nǹkan bíi mílímítà 16. Họ́ọ̀sì omi á rọ̀, á wú, á sì jò sínú ìkùn ọkọ̀.

Ti omi inú asẹ́: ẹ wo ibi tí ẹnu ìta yẹn kọjú sí. Tó bá kọjú síwájú, ìgbì tí ọkọ̀ ń là kọjá ló ń gbé omi wọlé. Ẹ yí i kó kọjú sẹ́yìn. Kí họ́ọ̀sì náà gòkè kọjá ẹnu ìta kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí i, kí omi má lè gun òkè dé táǹkì. Omi tó ti wà nílẹ̀, ẹ fà á jáde láti ìsàlẹ̀ táǹkì lórí ilẹ̀, níbi tí iná kò sí, kí ẹ tó tún rìn.

Tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ họ́ọ̀sì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára táǹkì ná. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà ti atẹ́gùn wọ inú táǹkì, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ lè là láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Tí ẹ bá sì ti to gbogbo rẹ̀ padà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń wá epo, fáàfù kékeré kan wà lórí táǹkì níbi tí họ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀, tó ń dènà kí epo máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ tí họ́ọ̀sì bá já. Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ máa ń há. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irú rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ dànù.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Tá a bá to ó tán, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń mí dáadáa kí a tó bọ́ sójú omi?

Ẹ̀gbọ́n_Houston

Nígbà tí ẹ bá ń rọ epo, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìta yẹn, kó gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ máa kan atẹ́gùn tó ń jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdáwọ́ dúró. Tí ó bá ń jáde, tó dúró, tó tún jáde pẹ̀lú ohùn bí ìgbà tí omi ń hó, epo ṣì wà nínú họ́ọ̀sì níbì kan tó rọ̀. Ẹ padà lọ gbé ibẹ̀ sókè.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀pẹ́

Kí ẹni tó ń rọ epo sì máa gbọ́ ohùn ẹni tó wà nídìí ihò. Tó bá ti ní “ó ń tutù” tàbí ó rí epo lẹ́nu ihò, kí ó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n nu ún, kí wọ́n sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti pákó ìkùn ọkọ̀ sílẹ̀ títí òórùn epo á fi tán, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.